Òróró kànáfùrù fún kòkòrò ata: ìràwọ̀ 2

Ebè 14 ló jóná. Ata rodo tí mo ti ń bomi kànga rin láti oṣù kìíní nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Kuje, ewé wọn pọ́n, ó sì gbẹ háúháú, bí ẹni da omi gbígbóná lé e. Òróró tí mo fowó mi rà ló ṣe é.

Àwọn kòkòrò wínníwínní kan ló ń ṣù bo abẹ́ ewé, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu títí ewé á fi ká kò. Mi ò lè da Sniper sórí ohun tí ọmọ mi máa jẹ. Kí NAFDAC tó fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019 ni mo ti yọwọ́ nínú ẹ̀. Mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Gwagwalada. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, "Mọ̀mí, ẹ kàn dà á sómi kẹ́ ẹ fín in." Ìgbà wo? "Ìgbàkigbà, mọ̀mí. Ohun tá à ń jẹ ni, kò lè pa ewé."

Ọ̀sán gangan ni mo fín in, nínú oṣù kẹta. Òróró ò sì pò mọ́ omi. Ó rì sísàlẹ̀ pọ́ńpù, òróró ògidì ló kọ́kọ́ ń jáde sórí àwọn ebè àkọ́kọ́, omi lásán ló wá bọ́ sórí ìyókù.

Mo já ewé náà lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá wọn. Ọmọ yìí ní ilẹ̀ mi ni ò dáa! Mo pariwo, mi ò ní parọ́. Ibẹ̀ ni Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù ti jáde láti ẹ̀yìn. Ó yí ewé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọṣẹ wo lẹ fi pò ó?" Mo ní ọṣẹ kẹ̀? Ó wo ọmọ yẹn, ọmọ yẹn wolẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Àwa la jẹ̀bi."

Ọjọ́ Sunday, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Alhaja wà lóko mi. Ó ní oòrùn ti rọlẹ̀, oyin náà ti relé. Ó fi ọṣẹ olómi po òróró títí ó fi funfun bí omi ògì, kó tó bu omi sí i: ṣíbí kékeré kan sí omi lítà 2. Igi ata kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ fín, abẹ́ ewé ló dojú ẹ̀ kọ, ó ní kí n dúró di ọjọ́ kejì. Ewé ò jó. Mo fín ìyókù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn kòkòrò ti dúdú, wọ́n ń já bọ́ bí mo bá ti gbọn ewé. Ayọ̀ mi ò ṣe é sọ! Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ fò lọ, nítorí náà ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni mò ń fín in. Mo ti ká ata ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo tún ra ìgò mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì kọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ sára rẹ̀.