Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú connection.info inú psycopg2: bí mo ṣe ń bi ìsopọ̀ dátábéèsì wa bóyá ó bo àṣírí wa

Màmá akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ owó ọ̀sẹ̀ yẹn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó tí ò ń tẹ̀ yẹn, ṣé kò sẹ́ni tó ń rí i lójú ọ̀nà?" Mo ní, "Kò sí mà, a ti bò ó." Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mi ò rí nǹkan gidi sọ. Gbogbo ohun tí mo gbójú lé kò ju pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, sáfà wa ń lo TLS, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ́fíìsì náà ṣe rí. Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la ń lò. Aránṣọ wà lórí ẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe wà lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá san owó ọjọ́ kan náà sì lè wọlé. PostgreSQL wa, ìyẹn dátábéèsì tí à ń kó ìwé owó sí, wà lórí sáfà tí a háyà ní Jámánì. Python ni mo fi kọ ètò náà, psycopg2 ló sì ń bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú dátábéèsì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí tcpdump, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọọ̀kì hàn, máa gbọ́ ohun tó ń lọ sí port 5432 (ẹnu ọ̀nà PostgreSQL), mo wá ṣí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kan. Orúkọ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gúsí yọ gbangba lójú mi, 45000 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni mi ò rí, torí SCRAM, ọ̀nà tí PostgreSQL fi ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, kì í fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà. Àyà mi já. Obìnrin yẹn ò sọ iye tó ń tọ́jú fún ọkọ rẹ̀ pàápàá; èmi ló sọ ọ́ fún.

Kí ló fà á? Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, àwọn tí a háyà sáfà lọ́wọ́ wọn gbé wa lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, wọn ò sì tan SSL (orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń pe TLS) sórí ẹ̀. Àwa náà ò kọ sslmode kankan, ìyẹn ibi tí èèyàn ti ń sọ bí ìsopọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lo TLS, bẹ́ẹ̀ prefer ni libpq, kóòdù PostgreSQL tí psycopg2 ń lò lábẹ́lẹ̀, máa ń lò tí èèyàn ò bá kọ nǹkan kan. Prefer á kọ́kọ́ béèrè TLS. Tí sáfà bá ní òun ò ní, á tún padà wọlé láìbo nǹkan kan, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ètò wa ń ṣiṣẹ́ geerege. Ohun tó bani lẹ́rù nínú ẹ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń lo connection.info, apá kan tó ń sọ bí ìsopọ̀ ṣe wà, tó wọ inú psycopg2 láti ẹ̀dà 2.8, ọdún 2019. Bí ẹ bá ti ṣí ìsopọ̀ tán, conn.info.ssl_in_use á sọ True tàbí False. conn.info.ssl_attribute('protocol') á sọ irú TLS tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fẹnu kò sí, 'cipher' á sọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀, 'key_bits' á sọ bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe gùn tó. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í ṣe fáìlì ètò ló ń kà. Ìsopọ̀ tó wà láàyè ló ń bi. Ohun tí mo kọ sínú fáìlì jẹ́ ohun tí mo fẹ́. Èyí ń sọ ohun tí mo rí gbà.

Inú apá kóòdù tó ń ṣí ìsopọ̀ ni mo fi àyẹ̀wò náà sí, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ètò nìkan. Ní Àkúrẹ́, iná á lọ, nẹ́tíwọọ̀kì á já, ètò á tún ara rẹ̀ so pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Ìsopọ̀ àárọ̀ ò lè jẹ́rìí fún ti ọ̀sán. Tí ssl_in_use bá jẹ́ False, ètò gbọ́dọ̀ pa ìsopọ̀ náà dé lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan kan fìyà jẹ mí o. Ọ̀rọ̀ ni ssl_attribute máa ń dá padà, kì í ṣe nọ́ńbà: '256' ni, kì í ṣe 256. Mo kọ kóòdù tó fi key_bits wé 128 láìkọ́kọ́ sọ ọ́ di int (nọ́ńbà), Python sì ju TypeError (àṣìṣe pé irú nǹkan méjì náà ò bára mu) lù mí láàárọ̀ Sátidé tí àwọn ìyá ti tò síwájú tábìlì. Tí ìsopọ̀ náà ò bá sì ní TLS, None (òfo) lẹ máa rí, nítorí náà ssl_in_use ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ibi tó kù sí fún mi nìyí, ó sì tóbi: kò sọ bóyá a yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà, èyí tó fi ń hàn pé òun gan-an ni, wò. True lè jáde kó jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòrí tó dára. Iṣẹ́ sslmode nìyẹn. Mo sọ tiwa di verify-full, tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí náà àti orúkọ orí rẹ̀ wò, mo sì fi sslrootcert tọ́ka sí ìwé ẹ̀rí náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kọ̀ jálẹ̀, torí àdírẹ́sì IP la fi ń pe sáfà, orúkọ ló sì wà lórí ìwé ẹ̀rí. Mo dúpẹ́ pé ó kọ̀.

Ẹ má sì fi pg_stat_ssl, tábìlì inú PostgreSQL tó ń sọ ìsopọ̀ tó lo SSL, rọ́pò ẹ̀. Nígbà tí a fi PgBouncer (ètò tó ń dúró láàárín, tó ń pín ìsopọ̀ dátábéèsì) sórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú PostgreSQL, pg_stat_ssl ń sọ pé kò sí SSL, psycopg2 sì ń sọ pé ó wà. Kò séyìí tó parọ́ nínú wọn. Tibi tí PgBouncer ti ń wọ dátábéèsì, lórí socket inú ẹ̀rọ (ọ̀nà tí kò jáde sórí nẹ́tíwọọ̀kì), ni pg_stat_ssl ń sọ. Tibi ọ́fíìsì wa dé PgBouncer ni tèkejì ń sọ. Ọ̀nà tó gba Wi-Fi àwọn aránṣọ kọjá ló ń dùn mí, nítorí náà ti psycopg2 ni mò ń tẹ̀ lé. Ẹni tí PgBouncer rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ní láti wo méjèèjì.

Ẹni tó bá fi psycopg2-binary (ẹ̀yà psycopg2 tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀) sórí ẹ̀rọ rẹ̀ kó tún rántí pé ó gbé libpq àti OpenSSL (kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ TLS) tirẹ̀ dání. Bí ẹ tilẹ̀ ṣàtúnṣe OpenSSL orí ẹ̀rọ yín, kò kan ìyẹn. Èmi ti kúrò lórí ẹ̀.

Mo gbé èsì náà sí igun ojú kọ̀ǹpútà: TLSv1.3, TLS_AES_256_GCM_SHA384, 256. Màmá akápò ò ka ìyókù. Wọ́n mọ TLSv1.3 lójú báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń wò láàárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó ṣí àpótí owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọn ò rí i fún bí ìṣẹ́jú ogún, wọ́n ní kí n gbé ìwé ńlá jáde, bírò la sì fi kọ owó gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà.