Wárántì ọdún 3 lórí ọkọ̀ tuntun l'Ákùúrẹ́: ọ̀rọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC mi

"Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ò sí lábẹ́ wárántì, mà." Ọmọkùnrin ìdí káńtà níbi tí mo ti ra ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nípa ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri, kò sì gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọkọ̀ náà ò tíì pé ọdún 2. Ọ̀nà Oǹdó ni mo wà lọ́sàn-án gangan, ni AC bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru, tí nǹkan sì ń han gooro níwájú ọkọ̀. Ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000 ni wárántì mi, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Àwọn tó tà á fún mi náà ló ń ṣe gbogbo sáfíìsì rẹ̀, òǹtẹ̀ wọn pé sínú ìwé.

Mo yọ ìwé wárántì nínú báàgì, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ohun tí wọn ò ní san fún ò fara sin: pádì búrékì, wáípà, fílítà, gílóòbù, àti gáàsì AC tó bá dínkù lásán. A ò rí kọ̀mpírẹ́sọ̀ níbẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. "Bóyá epo burúkú ló fà á, mọ́mì." Epo! Ta ló ń bu epo sínú AC? Ó tún ní bóyá àwọn tó so tíráká mọ́ ọn ló gé wáyà. Lóòótọ́, wọ́n lè torí wáyà gígé kọ iṣẹ́ iná fún èèyàn, àmọ́ kò sí tíráká kankan nínú ọkọ̀ mi.

Ariwo wa ló gbé ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì jáde, bàbá kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ tan ọkọ̀." Ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní kí n pa á. "Béárìn inú rẹ̀ ló ti lọ. Wárántì ló máa san èyí." Ó ya fọ́tò kìlómítà, ó ya ti òǹtẹ̀ inú ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ní àwọn kàn ń ṣiṣẹ́ ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń san owó padà fún wọn, sáfíìsì tí ẹnìkan bá fò ni ilé iṣẹ́ náà sì máa ń wá kiri kó má baà san. "Òǹtẹ̀ yìí lowó yín." Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo sanwó ọkọ̀. Kì í ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀ nìkan ni bàbá pààrọ̀ o, ó fọ gbogbo páìpù, nítorí pé èyí tó bá bàjẹ́ báyẹn máa ń tu ẹ̀rúnrún irin sínú wọn.

Inú mi dùn títí mo fi lọ gbé ọkọ̀. Ọmọ káńtà tún na bíìlì gáàsì sí mi! Gáàsì tí ẹ̀yin fúnra yín tú dànù kẹ́ ẹ tó lè ṣàtúnṣe? Mo ní màá kọ̀wé sí àjọ ìjọba FCCPC, tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ fún àwa oníbàárà. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Bàbá gba bíròò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà gba orí bíìlì. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí.

AC ń tutù ju ìgbà tí mo rà á lọ, àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí kí n dín in kù.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọkọ mi ní 2 ló tọ́ sí wọn. Sáfíìsì tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni mò ń gbé e lọ.