Títì àdúgbò ní Iléṣà: ọ̀dà ni àbí íńtálọ́ọ̀kì?

Bí ẹgbẹ́ àdúgbò bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe títì, ìbéèrè yìí kì í gbẹ́yìn.

Ọ̀dà yá lójú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbóná ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ rólà, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé yín pẹ́ di ìgbà òjò. Gbígbé ẹ̀rọ wá nítorí títì kúkúrú tún máa ń gbówó lórí. Íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn òkúta kọnkéré tí wọ́n ń tò mọ́ra, falẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó lórí iyanrìn, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lè ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Àtúnṣe ni mo kà sí jù. Bí páìpù omi bá bẹ́ lábẹ́ ọ̀dà, wọ́n á gẹ́ títì; ojú àpá yẹn lomi á gbà wọlé, kòtò dé nìyẹn. Ti íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n á hú u, wọ́n á tún páìpù ṣe, wọ́n á to òkúta kan náà padà. Ewu tiẹ̀ ni ojú òkè, tí Iléṣà sì ní púpọ̀: bí kọnkéré ò bá há a létí, á máa ṣí lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láìsí gọ́tà, méjèèjì á bàjẹ́.

Ọ̀nà tí tírélà ń gbà, bíi ti Àkúrẹ́, ọ̀dà ló yẹ ẹ́. Àdúgbò pẹrẹsẹ tí mọ́tò kéékèèké ń gbà, tí páìpù kún abẹ́ rẹ̀, íńtálọ́ọ̀kì ni kí ẹ béèrè.