Ọdún méjì ní charter school kékeré kan ní Houston: bí mo ṣe rí i

Àwọn òbí bíi tèmi ní Houston níbí ń bi mí pé ṣé kí àwọn náà mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tí Ọpẹ́yẹmí ń lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé ẹ̀dùn-ọkàn kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ilé-ìwé náà sì kéré débi pé gbogbo wa la mọra.

Charter school ni. Ìjọba ló ń gbé owó kalẹ̀, àwọn mìíràn ló ń darí rẹ̀, òbí kì í san owó ilé-ìwé. Láti 1995 ni òfin Texas ti fàyè gbà á. Bí àwọn tó ń wá àyè bá pọ̀ ju àyè lọ, lọ́tìrì ni wọ́n fi ń mú ọmọ. Orúkọ Ọpẹ́yẹmí jáde ní 2024, kíláàsì kẹta ló sì bọ́ sí.

Kí n tó gbà, mo wá lẹ́tà wọn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Texas máa ń fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, láti A tó dára jù dé F. Ẹjọ́ ti dá ti 2023 dúró ní kóòtù, oṣù kẹrin 2025 ló tó jáde. Èsì STAAR, ìdánwò ìpínlẹ̀ Texas, nìkan ni mo rí wò: ní kíláàsì kẹta, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú ìṣirò. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi ìgbà tí ti ọdún àwọn Ọpẹ́yẹmí jáde tí ó já sí 60. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n tètè lọ gba ìwé ọmọ mi.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Kò bá mi jiyàn. Ó fa bébà kan yọ, ó fa ìlà kéékèèké mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ó tún fa méjìlá sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ìyàtọ̀ àárín 75 àti 60, ó ní. Kíláàsì kẹta kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ogún ọmọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ kan tí kò rí oorun sùn mọ́jú ọjọ́ ìdánwò, ìdá márùn-ún ti lọ nìyẹn.

Ó yé mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Tíṣà ìṣirò wọn fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ní ilé-ìwé ńlá, wọn ì bá pín àwọn ọmọ náà sí kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn. Níbí, kò sí kíláàsì ẹ̀gbẹ́. Adelé mẹ́ta ló kọ́ wọn títí di oṣù kejì, ọmọ mi sì ń padà wálé pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni ò máàkì. Bí ọmọ kan bá wúwo nínú ilé-ìwé kékeré, tíṣà kan wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà gbà pé mo jàre. Tíṣà tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí dára gan-an, ó ń fi búrẹ́dì tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kọ́ wọn ní ìdá.

Ohun kejì tí mo wò ni tábìlì tó ń sọ ẹ̀yà àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Òpó kan náà ni wọ́n to Ọpẹ́yẹmí sí pẹ̀lú ọmọ Congo tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Swahili, àti ọmọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Texas láti ayé ẹrú: "Black". Àwọn ibòmíràn nínú tábìlì náà, àmì ìràwọ̀ lẹ ó bá, torí pé tí ọmọ bá kéré níye, wọ́n máa ń bo èsì wọn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ti ta ni. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá.

Wọ́n ní kí n kọ èdè tí a ń sọ nílé sórí fọ́ọ̀mù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà yọ ọmọ náà lẹ́nu. Yorùbá ni mo kọ. Wọ́n dán Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò, ó yege, ọ̀rọ̀ parí. Èdè tí a ń sọ nílé wa ni, kí ni mo fẹ́ máa fi pamọ́ sí?

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ilé-ìwé irú èyí wò, nínú èsì tí wọ́n fi ń fún un ní lẹ́tà, ẹ wo apá tó ń sọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ síwájú láti èṣí, àti apá tó ń fi ilé-ìwé náà wé àwọn tí iye ọmọ mẹ̀kúnnù inú wọn bá tiwọn dọ́gba. Kí ẹ sì béèrè pé ọmọ mélòó ni, kí ẹ tó gba ìdá kankan gbọ́.

Kò sí bọ́ọ̀sì. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń wa ọkọ̀ lọ láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì kì í wà lójoojúmọ́. Bí ọmọ ò bá lọ lọ́jọ́ kan, fóònù á dún, nítorí iye ọmọ tó bá wá ni ìjọba ń wò sanwó.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà na fóònù rẹ̀ sí mi níwájú ilẹ̀kùn, ó ní kí n pe orúkọ ọmọ mi sínú rẹ̀, kí n rọra pè é. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń pe Ọpẹ́yẹmí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an. Omi bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ti fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ fún lọ́tìrì. Ẹni kẹrìnlá ló wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró de àyè.