Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ télọ̀: ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń yan ọ̀gá nítorí aṣọ tí wọ́n rí lọ́rùn ẹlòmíì lóde ìnáwó. Wọ́n rí agbádá tó jókòó dáadáa léjìká, wọ́n bèèrè ẹni tó rán an, ó di ilé ọ̀gá. Kò burú. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó wu ni ló ń mú ọmọọṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ bá gún un. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti parí kì í sọ bí wọ́n ṣe rán òun. Ohun tó yẹ kéèyàn wádìí ni bóyá òun yóò máa rí ọwọ́ ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni ṣọ́ọ̀bù tí à ń sọ yìí, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ìbílẹ̀ ọkùnrin, ti yege.

Àárín ṣọ́ọ̀bù ni tábìlì ìgéṣọ wà, kò fara ti ògiri, nítorí náà gbogbo ọmọọṣẹ́ lè dúró yí i ká bí sísọ́ọ̀sì bá ń rìn. Màṣíìnì ọmọ tuntun kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó fi bí oṣù mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Àwọn òbí kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní ọ̀gá làwọn sanwó fún. Kí wọ́n fara balẹ̀. Ní 1985, Schunk àti Hanson, àwọn olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ iléèwé tí ìṣirò àyọkúrò ń dà láàmú. Àwọn tó wo ọmọ ẹgbẹ́ wọn níbi tó ti ń kọ́ ọ ní ìgboyà ju àwọn tó wo olùkọ́ lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ. Ọmọ tuntun tó rí i tí Bọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tú ọrùn bùbá palẹ̀, tó tún un rán, tó sì gún, ti rí i pé iṣẹ́ yìí ṣeé mọ̀.

Pépà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fa ìlà gbọọrọ, ìlà tó yí, àti igun sí i, ọmọ tuntun á sì rán an láìki òwú bọ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé pépà sí ìmọ́lẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ á fi ibi tó ti yà hàn kedere. Ohun méjì ló sábà ń fà á: ẹsẹ̀ tí kò tẹ pẹ́dà déédéé, tí kẹ̀kẹ́ fi ń yí padà sẹ́yìn, àti ojú tó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ dípò kó máa wo ìlà tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kò bá tíì gún kò ní fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà.

Wọ́n tún ń kọ́ wọn láti wo ojú ìrán mọ ohun tó ń ṣe màṣíìnì. Bí òwú bá ń ṣù lábẹ́ aṣọ, òwú òkè ló dẹ̀ jù. Bí òwú bọ́bìnnì, ìyẹn òwú ìsàlẹ̀, bá ń yọjú sókè, òwú òkè ti le jù. Bí ìrán bá ń fo, abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wò: ó ti tẹ̀, tàbí wọ́n ti gbé e wọ̀ lódì. Abẹ́rẹ́ 14 wà fún àǹkárá, 16 fún gínnì tó nípọn, 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Àléébù wọn wà níbi ìgéṣọ, ó sì tóbi. Ọwọ́ ọ̀gá ti mọ́ iṣẹ́ débi pé wọn kì í fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ìrán mọ́. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, aṣọ wọn sì ń gún. Ọmọọṣẹ́ tó fẹ́ràn wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, aṣọ á sì bàjẹ́, torí ohun tí ọ̀gá fò ni òun kò tíì kọ́. Bí àyà oníbàárà bá jẹ́ ínṣì 40, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni 10. Wọ́n á fi 2 kún un kí bùbá lè fẹ̀ díẹ̀ lára, ó di 12 lórí aṣọ tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Etí ìrán, ìyẹn aṣọ díẹ̀ tó máa ń kù lẹ́yìn ìlà ìrán, ìdajì ínṣì, kò sí nínú èyí. Ẹni tí kò fà á sílẹ̀ yóò gbàgbé rẹ̀. Ọrùn ló tún burú jù: ìdajì ínṣì tí sísọ́ọ̀sì bá fi ṣìnà nínú fífẹ̀ ọrùn di odidi ínṣì kan bí wọ́n bá ṣí aṣọ náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọọṣẹ́ bẹ ọ̀gá kí wọ́n gé ẹyọ kan pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀. Wọ́n máa ń gbà tí wọ́n bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń ṣàlàyé dáadáa.

Sítéè ọrùn, ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ kí ọrùn lè dúró, ni wọ́n mọ̀ jù. Wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù lé e kó dúró díẹ̀, wọn kì í fà á, torí sítéè tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù fà máa ń wú lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tún ń gé etí ọrùn wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó yí i padà, kó má baà súnkì.

Ọ̀pọ̀ ọmọọṣẹ́ ibẹ̀ ní télọ̀ ńlá tí wọ́n ń wò lórí fóònù. Ọ̀gá kò dí wọn lọ́wọ́. Fídíò dára fún rírí ara tuntun, àmọ́ wọ́n ti gé ibi títú òwú kúrò nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí.

Ọdún méjì ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan máa lò, ọdún kan fún ẹni tó ti mọ màṣíìnì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó ìwọlé, owó fírídọ̀ọ̀mù àti ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pàápàá bóyá agbádá wà níbẹ̀. Téèpù, ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì tiyín lẹ máa mú dání. Bí Ọlọ́jọ́ tàbí ìparí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ dúró kó kọjá, iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè kọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò wọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí wọ́n ń géṣọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, bọ́tìnnì àti áyọ́ọ̀nù nìkan lẹ máa bá.