Longjing tàbí sencha, oríṣi tíì aláwọ̀ ewé méjì: èwo ni kí a kọ́kọ́ tọ́ wò?
Inú agbada irin gbígbóná ni wọ́n ti ń yan Longjing ìlú Hangzhou ní Ṣáínà, ìdí nìyí tí ewé rẹ̀ fi rí pẹlẹbẹ, tí ó sì ń ta sánsán bí ẹ̀pà sísun. Ooru omi ni wọ́n fi ń se sencha ti Uji ní Japan, nítorí náà ó máa ń dà bí ewébẹ̀ tútù lẹ́nu. Longjing tí wọ́n já ṣáájú Qingming, àjọ̀dún àwọn ará Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, wọ́n gan-an, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀.

Bí ife gíláàsì nìkan ni ẹ ní, ẹ mú Longjing, torí kì í tètè korò. Ẹni tí ó lè fi sùúrù dá omi dúró ní nǹkan bí 70°C, kí ó sì sẹ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú kan, ni sencha yẹ.