Ibi tí mo sùn sí l'Adó-Èkìtì nígbà àpéjọ gẹ́ẹ̀mù: òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ilé ìgbàlejò Màmá

Òru mẹ́rin ni mo sùn l'Adó-Èkìtì nítorí àpéjọ àwọn ọlọ́gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Ìwòrókò. Mo lo òru méjì ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, mo wá kó ẹrù mi lọ sí ilé ìgbàlejò kékeré kan fún méjì tó kù. Owó ara mi ni mo fi san méjèèjì, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ kí n kọ èyí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀ ló ń pè mí ṣáá pé níbo ni káwọn dé sí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí mo lè sọ tán lórí fóònù.

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mí. Ẹlòmíì á ní kí ni ọmọ Èkìtì ń wá kiri l'Adó tó fi ń sanwó ibùsùn, ṣebí kó wọkọ̀ padà sílé. Ẹni tó bá ti bá wọn díje rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíje bọ́ọ̀lù orí PlayStation lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù kó má tíì kù ju èèyàn mẹ́rin lọ. Àwọn tó ń gbá Scrabble náà kì í tètè ṣíwọ́, àwọn ọlọ́pọ́n ayò àti oníWhot tiẹ̀ tún burú jù wọ́n lọ, torí eré tiwọn ò nílò iná. Láti Adó sí Ìkọ̀lé lé ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa gba ọ̀nà yẹn lóru lásìkò tí a wà yìí.

Lọ́dún tó kọjá, ilé àǹtí mi ní Básírì ni mo dé sí. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí lọ́dọ̀ wa, kéèyàn ní ẹbí nílùú kó tún lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ó dà bí ẹni pé onílé ò ṣe é dáadáa ni. Àǹtí mi tọ́jú mi gidi. Ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ti géètì, aago márùn-ún ìdájí sì ni àdúrà. Lálẹ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kí n tó dé. Mo bá wọn ní pálọ̀ lórí àga, ìborùn léjìká, fóònù lọ́wọ́, oorun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Wọn ò bá mi wí. Ohun tí wọ́n bi mí ni, "Ṣé o ti jẹun?" Ojú tì mí débi pé mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìdíje sílẹ̀ nígbà tó ku ẹni méjì kó kàn mí, torí mi ò lè jẹ́ kí obìnrin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa jókòó dè mí lóru nítorí gẹ́ẹ̀mù. Tó bá jẹ́ pé ìran lásán lo fẹ́ wá wò lọ́sàn-án, ilé ẹbí dára, kò sì náni lówó. Tó bá jẹ́ pé o forúkọ sílẹ̀ láti díje, má ṣe é. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ kí wọn o. Lọ́dún yìí, mo ra búrẹ́dì àti ọsàn dání lọ sí Básírì, mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi gba yàrá níta, wọ́n gbà, wọ́n sì súre fún mi.

Ó wá kan òtẹ́ẹ̀lì. Àwòrán rẹ̀ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló mú mi, mi ò sì ní purọ́, bó ṣe rí nínú àwòrán ló rí lójú. Táìlì ń dán, bẹ́ẹ̀dì fẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, omi gbígbóná ń yọ láti ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ èèyàn kí. 35,000 náírà ni fún òru kan. Ká ní ìgbéyàwó ni mo bá wá ni, mi ò bá yìn wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ló wà, gbọ̀ngàn sì wà lọ́nà Ìwòrókò, ìyẹn ni pé mo ní láti la gbogbo ìlú já: Ajílòsun, Ìjìgbò, Fájuyì, Adébáyọ̀, kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Lọ́sàn-án, kò burú. Lóru, ọlọ́kadà tó gba 700 náírà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ní 2,000 lòun máa gbà. Mi ò bínú sí i, òun náà fẹ́ padà sílé láyọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo gbé báàgì tí PlayStation wà nínú rẹ̀ sáàárín èmi àti rẹ̀, mò ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra ní gbogbo ọ̀nà, àyà mi ń já níbi gbogbo tí gọ́tà bá wà.

Tẹlifíṣọ̀n yàrá náà tóbi, inú mi ti ń dùn pé màá lè fi ṣe ìdánrawò lóru. Wọ́n ti gbé e sínú férémù pákó lára ògiri, wọ́n kàn án mọ́bẹ̀ gbọin-gbọin. Mo ti ìka mi bọ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fọwọ́ kan ihò HDMI tí wọ́n ń ki wáyà gẹ́ẹ̀mù sí, ṣùgbọ́n àyè tó wà níbẹ̀ ò gba orí wáyà. Mo wá àyè láti òkè, mo wá a láti ẹ̀gbẹ́, ó ṣì kù bí ìwọ̀n ìka kan. Mo pe òṣìṣẹ́, ó wò ó, ó ní kò sí ẹni tó béèrè irú ẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ.

Iná ló wá fọwọ́ bà mí níbi tó dùn mí jù. Aago méjìlá òru ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀, tí iná ìjọba ò bá sí, ó di aago mẹ́fà àárọ̀. Owó dísù ò kéré, mo mọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó sọ fún mi nígbà tí mò ń sanwó. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni mo dé lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo ki páàdì tí mo fi ń gbá gẹ́ẹ̀mù bọ ṣájà, mo sùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì ló sì wà, nítorí náà mi ò rí i pé iná ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, a ti gbá a dé ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin, ọ̀mì 1-1, iná iwájú páàdì mi kú fẹ́ẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì àárín, kò dáhùn. Wọ́n yá mi ní òmíràn tí ọ̀pá òsì rẹ̀ ti rọ̀, agbábọ́ọ̀lù mi ń fà sọ́wọ́ òsì bó ṣe wù ú. Mo pàdánù 2-1. Ẹni tó nà mí mọ̀ ọ́n gbá, n ò gba iyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi oṣù mẹ́ta múra fún ìdíje yẹn, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló fi mí lẹ̀, kó má jẹ́ batiri.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí pé kí wọ́n pe òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó fowó ránṣẹ́, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì jẹ́ "Aago mélòó lẹ ń pa jẹnẹrétọ̀?" Ẹ má béèrè pé "Ṣé iná wà?" torí kò sí ẹni tó máa ní kò sí. Ẹ tún béèrè bóyá ojú iná wọn wà ní Band A. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele yẹn lọ sókè, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n á máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Àdéhùn lásán ni o, síbẹ̀ ó sàn ju àìmọ̀ lọ, torí wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn lè jẹ́ wákàtí tí ẹ̀rọ yín fẹ́ mu iná.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ là mí lójú nípa ìtòsí, mi ò kàn gbọ́ ni. Ó máa ń lọ sí Gen Con, àpéjọ gẹ́ẹ̀mù orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968 ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, tó sì ti wà ní Indianapolis láti 2003. Èrò tó ń lọ síbẹ̀ báyìí lé ní 70,000. Ó ní bíi ká mú ìbò ni wọ́n ṣe ń pín yàrá: ẹni tó bá ti ra ìwé ìwọlé, wọ́n á yan àkókò fún un láìwojú ẹnikẹ́ni, àkókò yẹn ló lè wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ mú òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí afárá abẹ́ òrùlé so mọ́ gbọ̀ngàn ni gbogbo ayé ń lé, ìwọ̀nyẹn ló sì ń kọ́kọ́ tán, bí wọn ò tiẹ̀ ju àwọn yòókù lọ lẹ́wà. Ìgbà tó sọ ọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Orí ọ̀kadà, níwájú Fájuyì, ní aago méjìlá òru ku ogún ìṣẹ́jú, ni mo ti lóye rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn ló júwe ilé Màmá fún mi. Mo fẹsẹ̀ rìn ín, kò tó ìṣẹ́jú méje. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni wọ́n ń fi gbàlejò. 15,000 náírà lóru kan. Yàrá náà ò tóbi, fáànù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kò sí. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kéré, orí tábìlì ló wà, mo yí i padà, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó tán. Pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́rin wà lórí òrùlé, batiri rẹ̀ sì ń gbé gílóòbù, fáànù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ojúmọ́. Màmá kìlọ̀ fún mi pé kò gbọdọ̀ gbé àyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ tó ń se omi. Mo bi wọ́n nípa PlayStation. Wọ́n ní, "Wáàtì mélòó ló ń jẹ?" Mo sọ fún wọn pé ó lè tó 200 tí èèyàn bá ń ta gẹ́ẹ̀mù lórí rẹ̀. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kí n gbá a di aago kan òru, kí n wá fi ìyókù sílẹ̀ fún fáànù àwọn àlejò tó kù. Bí onílé ṣe yẹ kó báni sọ̀rọ̀ nìyẹn, kóró ohun tó wà ni kó sọ, kí èèyàn lè ṣètò ara rẹ̀.

Wọ́n fún èmi náà ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù mi àti ti ìyá mi, wọ́n wo káàdì ìdánimọ̀ mi, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọbìnrin méjì tí wọ́n wá láti Iléṣà wá gbá Scrabble wà ní yàrá tó kángun sí tèmi. Wọ́n sọ fún mi pé ìtòsí yẹn gan-an ló mú káwọn lè dúró di ìparí eré, àti pé lọ́dún tó kọjá, aago méje ni àwọn ń kúrò ní gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin obìnrin tó fẹ́ wá, ẹ fi èyí sọ́kàn ju ohunkóhun lọ.

Àléébù wà. Yàrá mẹ́ta ló ń lo balùwẹ̀ kan, ẹni tí kò bá jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ á tò. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la ti ń wẹ̀. Ẹ̀fọn pọ̀ lápá ẹ̀yìn, ẹ mú nẹ́ẹ̀tì dání. Íntánẹ́ẹ̀tì ò dúró dáadáa nínú yàrá kẹta, ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn tó wà níbòmíì gbá orí afẹ́fẹ́ kó béèrè fún yàrá iwájú. Kò sí àyè ọkọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Màmá ṣì jókòó lọ́ọ̀dẹ̀. Wọ́n ní káwọn rí ohun tí ẹ̀yin ọmọ yìí ń fi òru ṣe. Mo fi fídíò ìdíje hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọpọ́n ayò jáde. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ ọ́n ta, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Màmá ò kà rárá. Wọ́n á kó ọmọ ayò sọ́wọ́, wọ́n á mi í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, wọ́n á sì kó méjì tàbí mẹ́ta mi. Wọ́n kó odù, ìyẹn ọmọ ayò púpọ̀, jọ síhò kan ní ìpẹ̀kun apá tiwọn, mò ń wò ó, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tí wọ́n tú u, ó yí ọpọ́n po ó lé, wọ́n sì kó ayò mi mọ́lẹ̀ láti ihò dé ihò. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pa mí lálẹ́ yẹn. Àwọn ará Iléṣà yẹn jáde wá wòran, àwọn náà jókòó, wọ́n pa àwọn náà.

Ohùn odó ló jí mi láàárọ̀. "Uyán" ni Màmá ń pè é, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pè é, ó funfun, kò ní kókó kan, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2,000 náírà ni àwo kan, kò sí nínú owó yàrá, ẹ sọ fún wọn láti alẹ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo rìn lọ sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú páàdì tí batiri rẹ̀ kún dẹ́nu. Ìdíje ti àwọn tó pàdánù ni mo gbá lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe ipò kẹta.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún Màmá pé mò ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ orúkọ mi sí i: yàrá iwájú, òru mẹ́rin. Mo ti san ìdajì owó náà sílẹ̀. Yàrá méjì ló kù.